Ọ̀gá Tó Sọ Gbogbo Nǹkan Di Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orúkọ Alhaji Fàsásì Àkàngbé, kó kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí, nítorí orúkọ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró. Alhaji, Dókítà, Olóyè Fàsásì Àkàngbé, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Kọ̀ǹpútà, Àkọsílẹ̀ àti Ìtẹ̀síwájú, Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ìrẹ̀pọ̀. Ti Dókítà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Níbi ìpàdé, kí wọ́n tó pè é tán, omi tútù tí wọ́n gbé síwájú àlejò á ti lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti wá Òkè-Ìrẹ̀pọ̀. Àárín Mushin àti Surulere ló wà. Ìdajì wa ló ń gbé ní apá Mushin, ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi wá, Surulere ni gbogbo wa ń gbé. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà ni mí, ìpele kejìlá. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an, màá ní kí ẹ padà wá lọ́la. Àmọ́ mo mọ àtẹ́wọ́ pa. Nínú gbogbo ọ́fíìsì wa, kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti pa á jù mí lọ.

Láàárọ̀, bí ọkọ̀ Ọ̀gá bá ti fọn fèrè, Jẹ̀lílì tó ń ṣọ́ géètì á sáré ṣí i, àwa yòókù á sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣàfíù, akọ̀wé Ọ̀gá, á gba báàgì, á gba fóònù, á gba tẹ̀sùbáà, á wá bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ o, ọpọlọ tó ń ronú fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀! Tẹ́ ẹ bá sín báyìí, sà, gbogbo kọ̀ǹpútà Èkó ló máa kí yín!"

A ó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé ó tó, tí kò sì fẹ́ kó tó.

Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó ni pé Ọ̀gá kò mọ kọ̀ǹpútà tàn. Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀, wọn kò tíì fi wáyà kankan so ó mọ́ iná láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí àlejò bá wọlé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mò ń bá ayé sọ̀rọ̀." Síkirínì dúdú náà ni yóò sì máa wò, níbi tó ti ń rí ojú ara rẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ nígbà yẹn. Ojú náà ń dán.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé síkirínì ńlá kọ́ sára ògiri iwájú ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá ti pàṣẹ pé orúkọ òun ni kó kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Oníròyìn wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó Ọ̀gá wà níbẹ̀, lèmọ́mù ti ṣàdúrà. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ohun tó jáde rèé:

F?s?s? ?k?ngb?

 Àtẹ́wọ́ tí mo ti gbé sókè kò mọ ibi tó máa bọ́ sí. Jẹ̀lílì, tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà dákẹ́, tẹjú mọ́ síkirínì. Ó ní, "Ọ̀gá, ìbéèrè yìí mà pọ̀ o. Kí ló fẹ́ mọ̀ lára yín gan-an?"

Ká tó pajú pẹ́ wọ́n ti ránṣẹ́ sí Láyí. Láyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba ìbílẹ̀ gbéṣẹ́ fún láti kọ ètò tí ẹ̀rọ náà ń lò. Yaba ló ń gbé, nínú yàrá kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ háyà, ó sì gbàgbọ́ pé kò sí ìṣòro ayé yìí tí ìlà kan nínú kọ̀ǹpútà kò lè yanjú.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ẹ̀rọ ò dá àmì ohùn mọ̀ ni. Lẹ́tà gbẹrẹfu ló mọ̀. Tó bá ti rí à tàbí ẹ́, ó máa sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Àmọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé kan wà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fẹnu kò sí, Yúníkóòdù ni wọ́n ń pè é. Kò sí lẹ́tà tí kò mọ̀, ti Yorùbá o, ti Lárúbáwá o, ti Ṣáínà o. Mo kàn máa sọ orúkọ yín di ọ̀rọ̀ Yúníkóòdù, ó parí."

"Orúkọ mi nìkan?" Ọ̀gá dìde, agbádá rẹ̀ dìde tẹ̀ lé e. "Láyí, ṣé èmi nìkan ni kí n wọṣọ, kí àwọn tó kù wà níhòòhò? Ṣé ohun tí ìran tó ń bọ̀ máa kà nípa mi nìyẹn? Orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ orí, ìpele, nọ́ńbà, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀! Mi ò fẹ́ rí nǹkan kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀!"

"Nọ́ńbà náà, sà? Torí nọ́ńbà..."

"Gbogbo ẹ̀!"

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Bí o bá bi ọ̀gá ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, o fẹ́ mọ̀ ni. Bí o bá bi í lẹ́ẹ̀kejì, o ń rí i fín. Ẹni tó ju ni lọ, ó lè ju ni nù. Láyí dọ̀bálẹ̀, ó ní, "No wahala, sà," ó kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ètò náà, gbogbo iye tó wà nínú ẹ̀rọ sì di ọ̀rọ̀.

Orúkọ Ọ̀gá wá jáde, Fàsásì Àkàngbé, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ ní ipò wọn, ó tóbi ju fèrèsé lọ. Ọ̀gá wò ó títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Àwa náà pàtẹ́wọ́ títí òrùka mi fi bọ́ sínú gọ́tà, n kò sì tíì rí i di òní.

Láti ọjọ́ yẹn, Yúníkóòdù kò kúrò lẹ́nu Ọ̀gá mọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ọ̀yìngbò, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ọmọ náà ní Yúníkóòdù láyé, kó má sì fi dù ú lọ́run. Àwọn òbí ọmọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan tí Ṣàfíù lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri wa àti ti ọjà, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀: *Ohun tí ẹ̀rọ wa bá sọ ni òótọ́. Òṣìṣẹ́ yòówù tó bá jiyàn rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ipò rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.* Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi "láti òkè dé ìsàlẹ̀" sí i. Ó ní ó ń dún létí.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ Ọjà Ìrẹ̀pọ̀ tuntun parí, ilé alájà mẹ́ta. Àṣà ọjà wa kò le rárá: ẹni tó bá ti pẹ́ jù níbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà á wà nísàlẹ̀ lẹ́nu géètì, àwọn ọmọdé tí orúnkún wọn ṣì le á gba òkè lọ. Kò sẹ́ni tó ń jà sí i, nítorí ọmọdé náà mọ̀ pé òun ń bọ̀ wá dàgbà.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Haleemah, Ìyá Bọ́tìnnì là ń pè é. Ó ti ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù lọ́jà náà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kò sí aránṣọ kan ní Mushin tí kò mọ ibi tó ń jókòó sí. Àmọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Àtẹ̀gùn kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàápàá, ògiri ló ń dì mú kó tó gùn ún. Ó ti wo ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ lẹ́nu géètì, ó ti ṣàdúà sí i, ó tilẹ̀ ti ń gbálẹ̀ iwájú rẹ̀.

Wọ́n kó iye ọdún oníkálukú sínú ẹ̀rọ, wọ́n ní kó tò wọ́n láti orí ẹni tó pẹ́ jù. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Taoheed tó ń ta àpò fóònù, ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọlọ́dún mẹ́jọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn àwọn ọlọ́dún méje, lẹ́yìn wọn ọlọ́dún mẹ́fà. Nígbà tí ẹ̀rọ fi máa rántí Ìyá Bọ́tìnnì, ìsàlẹ̀ ti kún, àárín ti kún. Òkè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ni wọ́n fún un.

Ojú ti Taoheed gan-an. "Màmá, ọwọ́ yín ni mo ti ń ra síìpù fún ìyá mi kí n tó mọ̀ pé mo máa dọlọ́jà," ló wí. "Báwo ni màá ṣe jókòó sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa gòkè? Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀."

Ṣàfíù nàka sí ògiri. "Ìwé àṣẹ! Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Kò sí pààrọ̀."

Ni Ìyá Bọ́tìnnì bá wá sí ọ́fíìsì. Ó pẹ́ kó tó gun àtẹ̀gùn wa tán. Ọ̀gá ń tẹ kọ̀ǹpútà tí kò ní iná.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yín," ni màmá wí. "Ọdún mẹ́sàn-án àti ọdún mẹ́rìndínlógójì, èwo ló pọ̀ jù?"

Ọ̀gá fẹ̀yìn ti àga. "Màmá, ìbéèrè yín jinlẹ̀, àmọ́ kò jinlẹ̀ tó ẹ̀rọ. Ojú lásán lẹ fi ń wo ọdún. Yúníkóòdù ni ẹ̀rọ fi ń wò ó. Ọdún yín lè pọ̀ lóòótọ́, kó sì fúyẹ́."

"Kó fúyẹ́ kẹ̀?"

"Fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí!" Ṣàfíù gbè é lẹ́sẹ̀. "Ọgbọ́n ńlá, sà!"

Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ má bú mi. Ọwọ́ mi ti gbéra kí etí mi tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Orúnkún mi ò lè gun òkè yẹn," ni Ìyá Bọ́tìnnì wí. Kò pariwo. "Àwọn aránṣọ ò sì ní wá mi dé ìdí táǹkì torí bọ́tìnnì. Tí mo bá gòkè yẹn, ọjà mi ti tán nìyẹn."

"Màmá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Ọ̀gá dáhùn. "Ẹ̀rọ ni àgbà ọjà báyìí, ẹ̀rọ kì í sì í purọ́."

Màmá di àga mú, ó dìde. Nígbà tí mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ó dùn mí. Àmọ́ kò dùn mí débi tí màá fi la ẹnu mi. Mo ní ìpele kejìlá mi láti tọ́jú.

Ìta ló ti bá Láyí, tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ Ọ̀gá.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Láyí wí. "Nígbà tí nọ́ńbà bá ti di ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé iye ni mọ́. Bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ọmọ iléèwé ló máa tò ó. Iwájú ló máa kọ́kọ́ wò. 9 ló wà níwájú ti Taoheed, 3 ló wà níwájú 36 yín. 9 ju 3 lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tiẹ̀ ní wo 6 tó tẹ̀ lé e."

"Ṣó o ti sọ fún ọ̀gá yín?"

"Mo fẹ́ sọ, mà. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀."

Ìyá Bọ́tìnnì wò ó látòkè délẹ̀, ó mi orí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí," ló wí, ó sì ń tiro lọ.

Ọjọ́ ìṣílé ọjà kù sí dẹ̀dẹ̀. Kọmíṣánnà fúnra rẹ̀, Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá Ọládèjì, ló ń bọ̀. Níbi ìpàdé ìgbaradì ni ìfẹ́ Ọ̀gá ti gun Ṣàfíù. Ó fò dìde.

"Sà, ṣé ó yẹ kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara máa fi Ọ̀gá jókòó? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ pè wá síjòókòó lójú gbogbo ayé, láti orí ẹni tí ìpele rẹ̀ ga jù! Kí Kọmíṣánnà fojú ara wọn rí ẹni tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ pè!"

Láyí fò dìde lẹ́yìn. "Sà, ẹ gbọ́, ìpele náà ti di..."

"Láyí," ni Ọ̀gá wí, pẹ̀lú ohùn baba tó ń dárí ji ọmọ, "gbogbo ẹ̀."

Láyí jókòó. Mo pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé síkirínì wá sí ọgbà ọjà. Wọ́n to àwọn àga onítìmùtìmù sórí pèpéle, Kọmíṣánnà sì jókòó ní àárín. Àga tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn ni ti Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó máa kí àlejò káàbọ̀. Ọ̀gá dúró nísàlẹ̀ nínú agbádá tó gba ẹni mẹ́ta láti wọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ìkínni rẹ̀ sì nípọn bí ìrọ̀rí. Ṣàfíù gba máìkì, ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí pèpéle.

"Ẹni tó ga jù nínú gbogbo wa!" ni Ṣàfíù ké. Ó wá wo síkirínì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Làbákẹ́ Ayọ̀kànmí. Ìpele 9."

Làbákẹ́ ni wolé-wolé wa, tó ń yẹ gọ́tà wò. Bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí gọ́tà ló ti ń bọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gun pèpéle, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọmíṣánnà. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ pé àwàdà ni.

Ẹ̀rọ kò ṣàwàdà. Ó pe ìpele 8, ó pe 7, ó pe 6. Ṣàfíù kò lè dá a dúró, nítorí ìwé àṣẹ wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀. Ó pe Jẹ̀lílì, ìpele 3.

"Èmi kẹ̀?" ni Jẹ̀lílì wí. "Ta ló máa wá ṣọ́ géètì?" Ó sì lọ jókòó, ó fi géètì sílẹ̀ gbayawu.

Ó pe Àbdùlsàmàd agbálẹ̀, ìpele 2. Àbdùlsàmàd gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ dání lọ sórí àga tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó wá pè:

Fàsásì Àkàngbé. Ìpele 16.

Gbogbo àmì orúkọ náà wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ṣáko. Àmọ́ àga ti tán. Bẹ́ǹṣì kan ló kù, lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n mú Ọ̀gá lọ. Ẹ̀rọ pe ìpele 14, ó wá pe 12. Mo lọ jókòó tì í. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò mọ Dókítà yàtọ̀ sí èmi.

Kọmíṣánnà yíjú sí Làbákẹ́. "Ọ̀gá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá kí wa káàbọ̀."

Làbákẹ́ gba máìkì. "Ẹ káàbọ̀, mà. Gọ́tà ẹ̀yìn ọjà yìí ti dí. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣé, mà." Ó jókòó. Kọmíṣánnà ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò níbẹ̀, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkínni tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún gbóhùn sókè sí i. Bí Ọlọ́run ṣe máa ń ṣe nǹkan rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ kú, gbogbo ọjà sì gbọ́ ọ ketekete:

"Irọ́ ni! Ẹ̀rọ yìí ń purọ́!"

Ìyá Bọ́tìnnì dìde láàárín àwọn ọlọ́jà. Èjìká Taoheed ló dì mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa," ló wí. "Ṣé ẹ̀rọ ń purọ́? Tó bá ń purọ́, ẹnu géètì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Tí kì í bá ṣe irọ́ ló ń pa, ẹ padà jókòó sẹ́yìn agbálẹ̀, kí èmi náà máa gun òkè mi lọ."

 Ọ̀gá wo síkirínì tó ti kú. Ó wo ògiri níbi tí ìbuwọ́lù òun fúnra rẹ̀ ti ń wò ó. Ó wo orúnkún màmá náà.  Àánú Ọ̀gá ṣe mí, nítorí n kò tíì rí i kó wá ọ̀rọ̀ tì rí.

"Ó ń purọ́, màmá," ló wí. "Ṣọ́ọ̀bù yín ni."

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ṣi iṣẹ́ ṣe. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ dáwọ́ dúró, àmọ́ Taoheed ti gbà á, gbogbo ọjà ti gbà á, àwọn ìyá àgbà ń gbá Ìyá Bọ́tìnnì mọ́ra. Ìyẹn nìkan ni àtẹ́wọ́ tí mo pa lọ́gangan ibi tó yẹ, àṣìṣe sì ni.

Kọmíṣánnà ka ìwé tó wà lára ògiri sókè. "Òṣìṣẹ́ yòówù tó bá jiyàn rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Alhaji ni, mà!" ni Ṣàfíù dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún wọn!" Báàgì Làbákẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Láyí dá nọ́ńbà padà sí nọ́ńbà, ó fi orúkọ nìkan sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Kò gbà á ju ìlà kan lọ. Ìyá Bọ́tìnnì gba ẹnu géètì, Taoheed gun òkè, ó ń fò ó ní méjì méjì. Wọ́n kó gọ́tà. Wọ́n sì gbé Ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí Ìjora, tí kò ní síkirínì, tí kò ní Ṣàfíù.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún rí i. Mo lọ ra bọ́tìnnì tí màá fi dípò èyí tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bọ́tìnnì. Bùbá kékeré ló wọ̀. Ó ti fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ aránṣọ tó tò síbẹ̀ bọ́ síwájú, bó ṣe máa ń ṣe, kó tó rántí. Ó dúró.

"Màmá," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, "ṣé ìpele mẹ́rìndínlógún lè bọ́ síwájú níbí, àbí ẹ̀yìn ni?"

Ìyá Bọ́tìnnì kò gbójú kúrò lára síìpù tó ń wọ̀n. "Bí ẹ ṣe dé ni, Ọ̀gá," ló wí. "Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ yẹn."

Ó dúró sẹ́yìn ọmọ náà. Èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń gbéra, ni mo bá yára kì í bọ àpò.